Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ilé Àṣà àti Ìtàn Yorùbá J.K. Randle: Ẹ Jẹ́ Kí Kọ́míìkì Dá Fọ́tò Frobenius Lóhùn

Ẹ̀yin ọ̀gá wa tí ẹ ń bójú tó Ilé Àṣà àti Ìtàn Yorùbá J.K. Randle, Oníkàn, Èkó,

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ayàwòrán ni mí ní Ìbàdàn. Àwòrán inú ìwé àwọn ọmọdé àti kọ́míìkì ni mo fi ń jẹun. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo gbé wá síwájú yín, mo sì fẹ́ kí ọmọ Yorùbá tó bá ka lẹ́tà yìí gbè mí lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe ìpàtẹ kan tí fọ́tò àti àwòrán tí Leo Frobenius àti àwọn èèyàn rẹ̀ kó jọ ní Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1910 yóò wà lára ògiri, kí kọ́míìkì tí àwọn ọmọ Yorùbá fúnra wọn yà sì kọjú sí wọn, kí wọ́n máa dá wọn lóhùn.

Ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ sí torí ibi tí ilé yín dúró sí. Orí ilẹ̀ tí Dókítà J.K. Randle kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sí ní 1928 fún àwọn ọmọ Èkó ni. Ẹni tó bá mọ ìtàn ìlú yìí mọ̀ pé kì í ṣe omi nìkan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó fẹ́ kí ọmọ onílẹ̀ ní ibi tirẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀.

Fún àwọn tí kò mọ Frobenius: ará Jámánì ni, ọdún 1873 ni wọ́n bí i. Ní 1910 ó gba Èkó wọ Ìbàdàn, ó kó ẹnjiníà kan dání, Albrecht Martius, àti ayàwòrán kan, Carl Arriens. Ohun tí fọ́tò dúdú àti funfun kò lè mú, ìyẹn àwọ̀, Arriens a fi búrọ́ṣì mú un. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ wọn wà ní ìpamọ́ títí dòní ní ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí tó ń jẹ́ orúkọ Frobenius ní ìlú Frankfurt, ẹni tó bá sì ní íntánẹ́ẹ̀tì lè wò lára wọn láti orí ìjókòó rẹ̀.

Lára ohun tí wọ́n bá ní Ìbàdàn ni ojúbọ Ṣàngó ní Agbẹni. Frobenius kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe rí i: òpó gbígbẹ́ tò lọ ní ìlà, wọ́n fi ọ̀dà kùn wọ́n, ẹlẹ́ṣin wà lára wọn, ẹni tó ń gun igi wà níbẹ̀, ọ̀bọ, obìnrin, òrìṣà. Nínú yàrá tó ṣókùnkùn lẹ́yìn wọn, òkè àjà pupa yòò, ẹdùn àrá wà lórí ìdúró wọn, owó ẹyọ so rọ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, àmọ́ ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán ibẹ̀, ńṣe ni mo dákẹ́ tí mò ń wò ó. Iṣẹ́ ọwọ́ ńlá ni. Arriens mọ búrọ́ṣì lò, mi ò ní fi ìyẹn dù ú. Àmọ́ ta ló gbẹ́ àwọn òpó náà? Ta ló kùn wọ́n? Obìnrin wo ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀ láàárọ̀, kí ló sì sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí òyìnbó gbé àga kalẹ̀ síwájú ojúbọ tí ó ń yà á? Àwòrán náà dé ọ̀dọ̀ wa, ìdáhùn kò bá a dé.

Ọ̀rọ̀ wá le sí i ní Ifẹ̀. Ní igbó Olókun, Frobenius rí orí onídẹ tó wá di ìlú mọ̀ọ́ká káàkiri ayé. Ó ní òun rà á, pé òun san pọ́n-ùn 6 pẹ̀lú ìgò ọtí wisikí kan. Àwọn ará Ifẹ̀ fẹjọ́ sùn. Charles Partridge, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà, ó sì ní kí Frobenius dá orí Olókun padà pẹ̀lú àwọn nǹkan mìíràn tó ti kó. Síbẹ̀, àwọn orí alámọ̀ kan bá a dé Berlin. Ní 1949, àwọn onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún yẹ orí onídẹ tó kù ní Ifẹ̀ wò, wọ́n ní ẹ̀dà ni, kì í ṣe ojúlówó. Àwọn mìíràn ti ta kò wọ́n láti ìgbà náà, àríyànjiyàn ọ̀hún kò sì tíì parí.

Ní 1912 Frobenius gbé ìwé rẹ̀ jáde. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé irú iṣẹ́ ọnà báyìí kò lè ti ọwọ́ àwọn tó bá nílẹ̀ wá, pé àwọn ará Atlantis, ìlú tí Gíríìkì sọ pé òkun gbé mì, ló fi í sílẹ̀, pé Olókun wa ni òrìṣà òkun tiwọn. Ẹ rò ó wò. Ọkùnrin kan wọ ìlú, ó bá àwọn onílé, ó bá àwọn àwòrò tó ń bọ òrìṣà náà, ó ya fọ́tò wọn, ó jẹun ní ìlú wọn, ó sì padà lọ kọ ọ́ pé àwọn tó ni ín ti kú sínú òkun. Ní 1938, àwọn tó ń walẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ kan àwọn orí onídẹ lábẹ́ ilẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Frobenius kú.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìròyìn ẹjọ́ Ifẹ̀ tó tàn ká ayé jù lọ, Frobenius ló kọ ọ́, nínú ìwé ara rẹ̀, ó sì fi bínú sí Partridge dáadáa. Àwòrò Olókun náà ní ẹnu. Ògbufọ̀ tó dúró láàárín wọn ní ẹnu. Bí ẹ bá kàn gbé fọ́tò wọ̀nyẹn kọ́ sára ògiri, tí ẹ kọ ọdún àti ibi tí wọ́n ti yà á sábẹ́ rẹ̀, ojú Frobenius náà la ó tún fi wo ara wa, lórí ilẹ̀ Randle. Ibi tí kọ́míìkì ti wúlò nìyí.

Ẹni tó bá ń ya kọ́míìkì mọ̀ pé ojú ìwé kan lè gba ẹ̀rí ẹni méjì. Mo lè pín in sí àpótí mẹ́fà: mẹ́ta lápá òsì, bí Frobenius ṣe sọ pé òun ra orí Olókun, owó jáde, ìgò ọtí jáde, ọwọ́ méjì pàdé. Mẹ́ta lápá ọ̀tún, ọjọ́ kan náà, igbó kan náà, àmọ́ láti ibi tí àwòrò dúró sí. Òǹkàwé ni yóò máa wo ọ̀tún wo òsì. Àlàfo funfun tó wà láàárín àpótí kan àti èkejì kò sì ṣófo bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni òǹkàwé ti ń fi ọpọlọ tirẹ̀ parí ohun tí a kò yà. Fọ́tò kì í fún èèyàn ní àyè yẹn. Ohun tí kámẹ́rà kọjú sí nìkan ló ń mú, ẹni tó dì í mú kì í sì í hàn. Kọ́míìkì lè rìn yí ẹ̀yìn kámẹ́rà ká, kó ya ẹni tó ń ya fọ́tò, kó ya aláàárù tó ru àpótí àwo dígí tí wọ́n fi ń ya fọ́tò dé ibẹ̀, kó ya àwọn ọmọdé tí wọ́n lé sẹ́yìn kí wọ́n má baà ba àwòrán jẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú yín yóò béèrè pé, báwo la ó ṣe mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ayàwòrán rò? Ìbéèrè gidi ni, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò gbọdọ̀ purọ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí gbogbo ohun tí ìwé tàbí fọ́tò jẹ́rìí sí wà ní yíǹkì dúdú, kí ohun tí ayàwòrán fi inú rò wà ní àwọ̀ aró, kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ ọdún méje á mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ kó tó dé ògiri kejì.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀nà òyìnbó ni kí a máa fi àwòrán tò léra wọn sọ ìtàn àlejò tó wọ ìlú. Ní nǹkan bí 1910 sí 1914, ní àkókò tí Frobenius wà nílẹ̀ wa gan-an àti kété lẹ́yìn rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ń gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Lápá kan, Ògògà jókòó, adé wà lórí rẹ̀, olorì rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lápá kejì, Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń bọ̀ nínú àga tí wọ́n gbé rù, àwọn tó ru ẹrù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìlà lórí ìlà ni Ọlọ́wẹ̀ pín ilẹ̀kùn náà sí, ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn èèyàn tirẹ̀. Ó gbẹ́ àwọn ère náà yọ síta gan-an kúrò lára igi, ara wọn wà ní ẹ̀gbẹ́, àmọ́ ó yí orí ọ̀pọ̀ nínú wọn síta kí wọ́n lè máa wo ẹni tó ń wò wọ́n. Ọba wà lójú kan, àlejò ló ń bọ̀ wá bá a. Ọlọ́wẹ̀ kò kọ ọ̀rọ̀ kankan síbẹ̀, gbogbo ẹni tó bá sì dé iwájú ilẹ̀kùn náà mọ ẹni tó ni ilé.

Àwọn onímọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1873 ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀, ó sì kú ní 1938. Ọdún tí Frobenius lò láyé náà nìyẹn. Ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ọ̀kan ń ya ilẹ̀ wa fún àwọn ará Jámánì, èkejì ń gbẹ́ òyìnbó fún àwọn ará Èkìtì. Ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní 1924, British Museum sì gbà á, wọ́n fi àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ fún Ògògà. London ló wà títí di báyìí. Bí ẹ kò bá lè rí i yá, ẹ gba fọ́tò rẹ̀ tó tóbi tó ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, kí ẹ sì gbé e síbi tí èèyàn máa kọ́kọ́ rí kó tó rí Frobenius. Ọwọ́ yín ni mo fi èyí lé jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo kọ.

Ẹ má gbà pé kọ́míìkì jẹ́ ohun mímọ́ o. Ó ti ṣe ibi tirẹ̀. Ní 1930 sí 1931, ará Bẹ́ljíọ̀m kan, Hergé, ya ìtàn ìrìn àjò Tintin, akọ̀ròyìn ọ̀dọ́ inú kọ́míìkì rẹ̀, ní Kóńgò fún ìwé ìròyìn àwọn ọmọdé. Kò dé Kóńgò rí. Ère ọkùnrin aláwọ̀ ẹkùn tó wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Tervuren, lẹ́bàá Brussels, jẹ́ ọ̀kan lára ibi tó ti rí ohun tó yà, ère tí ará Bẹ́ljíọ̀m mìíràn ṣe. Ohun tí ìjọba amúnisìn kó jọ sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọ inú kọ́míìkì, kọ́míìkì sì gbé e wọ yàrá àwọn ọmọdé káàkiri ayé. Ọmọ Kóńgò kan, Bienvenu Mbutu Mondondo, gbé ìwé náà lọ sí kóòtù ní Brussels ní 2007. Ní 2012 kóòtù kò dá a láre. Àmọ́ ọmọ Kóńgò mìíràn, Chéri Samba, tó ti ya kọ́míìkì ní Kinshasa kó tó di gbajúmọ̀, ti ya àwòrán kan ní 2002 níbi tí àwọn èèyàn Kóńgò ti ń fa ère yẹn gan-an jáde kúrò ní Tervuren, tí àwọn mìíràn sì ń fà á padà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ló ni àwòrán yẹn báyìí. Irú ìdáhùn tí mò ń béèrè fún nìyẹn.

Ní tiwa, àwọn tó ti dàgbà rántí Atọ́ka. Láti apá ìparí àwọn ọdún 1960 ni ìwé ìròyìn yẹn ti ń jáde, fọ́tò àwọn eléré orí ìtàgé la máa ń rí nínú rẹ̀, àpótí lẹ́yìn àpótí, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì wà nínú àlàfo funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn. Àwọn èèyàn tí kò fọwọ́ kan kọ́míìkì rí láyé wọn ti ka Atọ́ka. Nítorí náà, ojú wa ti mọ fọ́tò tó ń sọ̀rọ̀.

Síbẹ̀ mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fọ́tò Frobenius bíi ti Atọ́ka. Àwọn eléré inú Atọ́ka mọ̀ pé wọ́n ń ya àwọn, wọ́n mọ eré tí wọ́n ń ṣe, wọ́n mọ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nínú rẹ̀. Obìnrin tó dúró níwájú kámẹ́rà ní 1910 kò gba iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ wa. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, a ti ṣe é bí Frobenius ṣe ṣe é, àfi pé ọmọ rẹ̀ ló tún wá ṣe é. Ẹ fi fọ́tò sílẹ̀ bó ṣe rí, ẹ má gé e, ẹ má kùn ún. Inú àwòrán tí a yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ wà, pẹ̀lú orúkọ ayàwòrán lábẹ́ rẹ̀, kí gbogbo ayé mọ ẹni tó sọ ọ́. Mo ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jiyàn lórí èyí, àwọn kan rò pé mo le jù. Mi ò yí ọkàn padà.

Ohun kan tó kéré lójú ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí: ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú kọ́míìkì náà jẹ́ Yorùbá, pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé pérépéré. Lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu nínú kọ́míìkì àwọn òyìnbó, ìlà wọn sì máa ń há mọ́ra. Bí a bá gbé Yorùbá sínú rẹ̀, àmì abẹ́ ìlà àkọ́kọ́ á lọ gún àmì ohùn tó wà lórí ìlà kejì. A ní láti la ìlà sí i, àlàfo ọ̀rọ̀ á tóbi, àwòrán á kéré. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń já àmì dànù nígbà tí ọjọ́ ìtẹ̀wé bá dé tán. Ẹ fún ayàwòrán ní àkókò láti ro ìyẹn mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tó bá ti ń fi pẹ́ńsù fa ìlà. Kí ará Ifẹ̀ inú kọ́míìkì sì fọ Ifẹ̀, kí ará Ìbàdàn fọ Ìbàdàn.

Àwọn tí yóò ya á kò wọ́n wa. Akínọlá Láṣekàn, ọmọ Ọ̀wọ̀, ti ń fi katúùnù bá ìjọba amúnisìn jà nínú ìwé ìròyìn West African Pilot láti 1944, orúkọ Lash ló ń kọ sábẹ́ rẹ̀. Josy Ajíbóyè àti dele jegede tẹ̀ lé e nínú Daily Times. Lónìí, Roye Okupe, ọmọ Èkó tó ń gbé Amẹ́ríkà, ti mú kọ́míìkì rẹ̀ tó gbé kalẹ̀ lórí àṣà Yorùbá dé orí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀ ní 2025. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe kọ́míìkì l'Ékòó fúnra rẹ̀ pọ̀ ju ibi tí mo lè kà dé. Ẹ pè wọ́n, ẹ sì san owó iṣẹ́ fún wọn. Ẹ má sọ fún wọn pé orúkọ tí wọ́n máa gbà níbẹ̀ ti tó wọn.

Kí a tó ya ohunkóhun, kí ẹ kọ́kọ́ gbé ẹ̀dà fọ́tò náà padà síbi tí wọ́n ti yà á. Ní 2025, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé quai Branly ní Paris ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn àjò Dakar sí Djibouti tí Marcel Griaule, onímọ̀ ará Faransé, ṣe aṣáájú rẹ̀ ní 1931 sí 1933. Àwọn olùwádìí láti ilẹ̀ Áfíríkà bá wọn padà sí àwọn ìlú tí Griaule àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbà kọjá, wọ́n béèrè bí àwọn Griaule ṣe gba nǹkan àti lọ́wọ́ ta ni, ohun tí wọ́n sì gbọ́ wà nínú ìpàtẹ náà. Àwa náà ní Agbẹni, a ní Ifẹ̀. Ẹ tẹ fọ́tò náà sórí bébà tó le, kí àgbàlagbà lè gbé e sún mọ́ ojú, ẹ mú un lọ sí agbo ilé, ẹ jókòó. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan rí ilé tó mọ̀, tàbí ilà ojú tó mọ̀. Bí orúkọ kan ṣoṣo bá jáde, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà, kó tóbi ju ti Frobenius lọ.

Ohun tí mo ń retí lọ́wọ́ yín kò pọ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí Frankfurt, ẹ béèrè gbogbo fọ́tò àti àwòrán Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ti 1910 ní ìwọ̀n tó ṣeé tẹ̀, pẹ̀lú ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ kọ sí London nípa ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pe àwa ayàwòrán jọ fún ọjọ́ kan ní Oníkàn, kí a wo àwọn fọ́tò náà pẹ̀lú yín kí ẹnikẹ́ni tó gbé pẹ́ńsù. Bí ìpàtẹ náà bá ti parí l'Ékòó, kó gba Agbẹni kọjá lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Ẹnuwá, ní Ifẹ̀. Mo ti ya ojú ìwé ẹjọ́ Olókun sílẹ̀ ní pẹ́ńsù, mo sì ṣe tán láti gbé e wá síwájú yín lọ́jọ́ tí ẹ bá dá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ayàwòrán kan láti Ìbàdàn